Ẹ kọ́kọ́ wà á láìya nǹkan kan

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé drone tá a fi ń ya fídíò látòkè kúrò nílẹ̀, mi ò sọ ìyẹn lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ ń bi mí ṣáá ni ká yanjú: ṣé ká fi sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú ara drone tó ń rí ohun tó lè kọlù, sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ ni àbí ká pa á, ká fọwọ́ ara wa wà á?

Méjèèjì ni. Àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká ní Abẹ́òkúta lẹ wà, ẹ fẹ́ kí drone gba ẹ̀gbẹ́ Olúmọ kọjá kí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà yẹn wá yọ lójijì. Tí sẹ́ńsọ̀ bá wà ní títàn, bó ṣe ń sún mọ́ àpáta báyìí ló máa tẹ bíréèkì fúnra ẹ̀, gìjà! Fídíò ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi máa ń fi iṣẹ́ yìí wé gángan ni, ọmọdé gan-an lè fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, ṣùgbọ́n apá tó ń fún ọṣán, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ló ń mú un sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí àtàǹpàkò yín rí lórí rìmóòtù.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé o. Ẹ ẹ́ débẹ̀, ẹ ẹ́ gbé e sókè, ẹ ẹ́ pa sẹ́ńsọ̀, ẹ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Rárá! Ẹ KỌ́KỌ́ WÀ Á LÁÌYA NǸKAN KAN! Sẹ́ńsọ̀ wà ní títàn, ẹ gba ọ̀nà yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi tó bá ti dúró fúnra ẹ̀, ẹ ti sún mọ́ nǹkan jù nìyẹn, ẹ sún ọ̀nà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣèyẹn pàápàá, ẹ fẹsẹ̀ rin ibẹ̀, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Torí kí ni? SẸ́ŃSỌ̀ Ò RÍ WÁYÀ! Ó máa rí ògiri, ó máa rí ìtì igi, wáyà iná ńkọ́, gíláàsì ńkọ́? Mo ń ya ìgbéyàwó kan nígbà kan, ìyàwó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, mo ń fa drone sẹ́yìn, ojú mi wà lórí fóònù, mo ní ṣebí sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀. "Ṣààà" ni mo gbọ́, ó ti wà lórí kánópì àwọn ẹbí ọkọ. Wáyà kan ṣoṣo, dúdú, tí kò nípọn tó ìka mi, láti ọ̀pá iná sí ilé kejì. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó yẹn ò ní wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ mú kámẹ́rà náà kúrò lórí Auto, níbi tó ti ń yan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wo ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ ti ìmọ́lẹ̀ mọ́bẹ̀: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) 100, shutter (àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan) 1/50 sẹ́kọ́ǹdù tó bá jẹ́ fíréèmù 25 ní sẹ́kọ́ǹdù kan lẹ̀ ń yà, òòrùn tiwa yìí sì le, ẹ ẹ́ nílò ND filter, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lójú kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lórí Auto, bí ojú ọ̀run ṣe ń jáde tí páànù ń wọlé, àwòrán á kàn máa ṣókùnkùn á máa mọ́lẹ̀ bí iná tí wọ́n ń mú tí wọ́n ń dá padà.

Ó yá wàyí. Tó bá jẹ́ drone DJI lẹ ń lò, ẹ wọ Safety nínú áàpù ẹ̀, ẹ yan Off kí sẹ́ńsọ̀ lè pa. Ẹ má torí ẹ̀ bọ́ sórí Sport, ipò eré àsápajúdé, o, lóòótọ́ sẹ́ńsọ̀ ò ní dá a dúró níbẹ̀, àmọ́ drone á máa ta kìjí lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan yẹn náà, eré yẹn náà. Ẹ tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù.