Àṣẹ Tó Dé Lẹ́yìn Tí Aláṣẹ Ti Lọ

Ẹ ṣé o, ẹ jókòó. Alága ní ìṣẹ́jú 40 ni tèmi. Kókó mẹ́rin ni mo kọ wá lórí ohun tó ń wó ìjọba tó tàn dé àárín ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé àkọ́kọ́ ló máa jẹ oúnjẹ àwọn tó kù.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ tí wọ́n ń kọ nípa ìjọba àpapọ̀ tó tàn káàkiri àárín ìràwọ̀, ìjọba yẹn kì í wó títí ọmọ òrukàn kan á fi yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Á yìnbọn kan ṣoṣo, ibùdó ogun ńlá á gbiná, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ẹgbẹ̀rún ayé ti ń jó ijó ayọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló tètè sọ fún àwọn ayé yẹn? Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn, méjì nínú wọn jókòó síwájú níbí.

Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀kan sílẹ̀ fúnra wa. Ogún ayé, ìràwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olú-ìlú kan, ilé aṣòfin kan. Kò sí ohun tí a mọ̀ tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, nǹkan bí 300,000 kìlómítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, tí ẹ bá ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Mars, ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dé, ó sì lè gba méjìlélógún. Ibi tí Mars bá wà lọ́jọ́ náà ló máa sọ. Mars kẹ̀, aládùúgbò wa! Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á rin ọdún 4.24 kó tó dé ibẹ̀. Ẹ béèrè lónìí bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà níbẹ̀, ó di nǹkan bí ọdún mẹ́jọ àbọ̀ kí ẹ tó gbọ́ pé "a dúpẹ́". Nígbà yẹn, omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Ti TRAPPIST-1, ìràwọ̀ mìíràn tí ayé méje ń yí po, tó nǹkan bí ogójì ọdún ìmọ́lẹ̀. Mínísítà tó bá buwọ́ lu òfin fún wọn lọ́hùn-ún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa ka èsì.

Ohun tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ìwà ìkà nìkan kì í wó ìjọba tó tóbi báyìí. Ó ti pẹ́ tí ìkà ti ń jọba láyé, tó sì ń jẹun yó. Ohun tó ń wó o ni pé gbogbo ohun tí olú-ìlú mọ̀ nípa àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí ti di ìtàn àtijọ́.

Mi ò ní fi ogun New Orleans dá yín dúró, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì buwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní Ghent ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1814, wọ́n ṣì ń para wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1815, torí pé ìròyìn wà lójú omi. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Sípéènì. Ní 1808, Napoleon mú kí ọba wọn, Ferdinand Keje, wá sí Bayonne ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ Sípéènì ní òdìkejì òkun ò wá mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1810, Caracas, olú-ìlú Venezuela, yọ aṣojú ìjọba Sípéènì kúrò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Buenos Aires, ní Argentina, ṣe tirẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe: àwọn ń bá Ferdinand ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ ni! Kò sẹ́ni tó ní òun ń ṣọ̀tẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù Keje 1811, Venezuela ti kéde òmìnira. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ jí èyí lò, mo fún yín láyè. Ẹ jẹ́ kí gómìnà ayé tó jìnnà jù búra pé ìránṣẹ́ olú-ìlú lòun, kó máa fi orúkọ ààrẹ tó ti kú ṣòfin, kó sì máa fi tọkàntọkàn ṣe é. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Ẹnì kan á ní ọdún mẹ́rin ò pẹ́ títí bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Ní oṣù Kẹta 1991, wọ́n bi àwọn ará Soviet, ìjọba àpapọ̀ tí Moscow jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, bóyá kí ìjọba náà máa wà nìṣó. Ní Ukraine, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní kó máa wà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò fún òmìnira. Àwọn èèyàn kan náà ni o, oṣù mẹ́sàn-án péré! Ká ní Proxima ni Ukraine wà, ó di ọdún mẹ́rin lé kí olú-ìlú tó gba ìbò àkọ́kọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á se àsè. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn àsè, ìbò kejì á wọlé.

Ẹ wo Sergei Krikalev náà, arìnrìn-àjò ojú òfúrufú. Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1991 ló gbéra lọ sí Mir, ibùdó tó ń yí ayé po lókè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Soviet. Ó wà lókè nígbà tí Leningrad, ìlú rẹ̀, di Saint Petersburg. Ó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù márùn-ún, àmọ́ owó ti dín. Kazakhstan, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra, sì fẹ́ kí ọmọ tiwọn náà lọ sókè, wọ́n fún un ní àyè, wọ́n ní kí Krikalev ṣì dúró. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1992 ló tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìjọba tó rán an níṣẹ́ ti kógbá wọlé láti oṣù Kejìlá. Nǹkan bí 400 kìlómítà péré ló sì fi jìnnà sí wọn!

Alága ti ń fi aago hàn mí. Kókó kejì, owó orí: ayé tó ń san owó fún ààbò tí kò dé rí kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Ìkẹta, ọmọ ogun: ẹni tó ti láya, tó ti bímọ sí ibi tí wọ́n fi í sí, ta ló máa yìnbọn sí? Ìkẹrin, òfin Soviet ti 1977 sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lọ lè lọ. Nígbà tí Lithuania, ọ̀kan nínú wọn, ní òun ń lọ ní 1990, Moscow fi epo dù ú. Ẹ fi ìyókù rò ó.

(Ìbéèrè wá látọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Krikalev tí ẹ sọ yẹn, ó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Ìròyìn ò pẹ́ fún un rárá, ọkọ̀ ló pẹ́. Nínú ìwé tí mò ń kọ, ẹnu ọ̀nà wà láàárín ìràwọ̀: téèyàn bá wọ̀ ọ́ níbí, lọ́hùn-ún ló ti yọ. Lẹ́tà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ṣé ìjọba tèmi ò ní wó ni?")

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi ẹ̀rí mi gbá mi létí báyìí. Ó yá, mo ti pa ìwé mi dé.

Á wó, arábìnrin. Ẹ padà sọ́dọ̀ Krikalev yẹn. Kí ni wọ́n ń pín nígbà tí ilé ń dàrú? Àyè inú ọkọ̀ ni. Ẹni tó lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ò lẹ́nu mọ́, ẹni tó ni ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń gbéra di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Ìjọba tiyín so rọ̀ sára ẹnu ọ̀nà yẹn. Àwọn kan ń tún un ṣe, àwọn kan ń kọ orúkọ ẹni tó kọjá sílẹ̀. Mo fẹ́ bá ẹ̀dá inú ìwé yín tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀ pàdé, kì í ṣe ààrẹ. Ọjọ́ tí àwọn wọ̀nyẹn bá káwọ́ gbera, kò sẹ́ni tó máa yìnbọn, ọdún 4.24 á kàn padà dé lójú ẹsẹ̀.

(Arábìnrin náà: "Ta ló máa kọ́kọ́ kígbe?")

Olú-ìlú ni, bó bá jẹ́ pé láti ayé mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á rán ọmọ ogun, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni ọmọ ogun gbọ́dọ̀ gbà. Alága, mo ti ń bọ̀. Arábìnrin, ẹ jẹ́ kí n mọ iye tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ alẹ́ yẹn, àti oṣù mélòó tí wọ́n ti jẹ ẹ́.