Ojú Tí Olùkọ́ Kò Rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdánwò Nínú Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Ilé-Ifẹ̀ la wà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ tó wà ní géètì yunifásítì wa. Láti 1987 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́yà àti olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ wa mọ Awólọ́wọ̀ sí. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, Nàìjíríà níbí ló jókòó sí tó fi gba oyè ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìwé-ẹ̀rí ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ojúlówó, ẹ ní kó lọ wo géètì.

Báwo wá ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe mọ̀ pé ọkùnrin tí wọn kò rí sójú mọ nǹkan? Láti 1858 ni yunifásítì náà ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò jókòó sí kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ẹni tó kọ́ ọ kò kàn wọ́n, ibi tí o ti kà á kò kàn wọ́n. Wá jókòó ṣe ìdánwò, ká wo ohun tó wà lágbárí rẹ. Ètò yẹn kì í ṣojúsàájú, kì í sì í ṣàánú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kì í mọ ibi tó ti ṣì í. Ó kàn máa tún owó san ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ṣáájú ìyẹn. Ní 1840, Isaac Pitman, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ṣọ́táàndì, ìyẹn fífi àmì kékeré kọ ọ̀rọ̀ kíákíá. Á fi káàdì ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ṣọ́táàndì kọ ẹsẹ Bíbélì, á dá a padà, Pitman á tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, á tún fi í ránṣẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni owó lẹ́tà wálẹ̀ sí pẹ́nì kan lọ́dọ̀ wọn, òun ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe. Inú àtúnṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ náà wà. Lọ́ńdọ̀nù ń dájọ́, Pitman ń tọ́ni sọ́nà. Àwa jogún méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdájọ́ la gbé lérí jù.

Nínú kíláàsì, kò dìgbà tí olùkọ́ bá ṣe tẹ́ẹ̀sì kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò wọlé. Ojú wọn á sọ fún un. Ẹnì kan á máa wo òrùlé, ẹnì kan á máa kọ̀wé síwájú láìgbọ́ nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù kàwé nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù ní Iléṣà ńkọ́? Á pa kámẹ́rà nítorí dátà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀rọ á sọ fún mi pé ó wọlé, pé ó lo ogójì ìṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ pé gàrí ló ń wọ̀n fún oníbàárà ní gbogbo ìgbà yẹn. Nítorí náà, ìdánwò ni ojú tó kù fún olùkọ́ ọ̀nà jíjìn, kò sì yẹ kó dìgbà ìparí sáà kó tó là á.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò a-yan-ìdáhùn, èyí tí kọ̀ǹpútà ń máàkì. Láti 2015 tí JAMB ti kó gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ 40, tí ìdáhùn mẹ́rin wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò mọ nǹkan kan tó kàn ń méfò á rí bíi 10 gbà. Ẹni tó gba 15, ẹ má tíì yọ̀ fún un.

Kì í ṣe pé kí a pa á tì. Bí a ṣe ń kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà ni ìṣòro. Ká ní mo béèrè iye tí 1/2 àti 1/3 jẹ́ pa pọ̀. Ìdáhùn ni 5/6. Ọ̀pọ̀ wa á kàn wá nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn kún un ṣá. Èmi á fi 2/5 síbẹ̀, nítorí ẹni tó ro òkè mọ́ òkè, tó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló máa já sí. Mà á tún fi 1/6 síbẹ̀ fún ẹni tó lọ sọ wọ́n di púpọ̀ dípò kó rò wọ́n pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá mú 2/5, kí ẹ̀rọ má kàn kọ “ó kùnà” sí i lójú. Kó bi í pé: o fi nǹkan kún ìdajì, báwo ló ṣe wá kéré sí ìdajì? Ìbéèrè yẹn á mú un padà sídìí ọ̀rọ̀. Kíkọ irú rẹ̀ gba àkókò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ ọ́, ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ á sì lò ó.

Àǹfààní mìíràn tún wà tí a kì í kà sí. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á léraléra lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á léraléra ló borí: wọ́n rántí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀ràn yí padà: àwọn tó dán ara wọn wò rántí 61, àwọn tó ń kà á rántí 40. Ìdánwò kékeré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí máàkì rẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jíwèé wò, ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró lórí.

Ọ̀rọ̀ jíjíwèé wò náà ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá 2022 tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń báni kọ̀wé, ti dé, ẹni tí kò ka ìwé kan lè fi àròkọ tó dán ránṣẹ́. Àwọn kan ní kí kámẹ́rà máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọmọ ń sunkún, tí iná ń lọ tó ń bọ̀? Kámẹ́rà á pe aláìṣẹ̀ ní olè. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ bi í nípa iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. “Kí ló dé tó o fi gba ọ̀nà yìí? Bí a bá yọ ìlà kejì yìí kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?” Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 á gbà yín ní wákàtí méjì àbọ̀. Tí wọ́n bá tó 300, ẹ ṣa díẹ̀ nínú wọn, kí gbogbo wọn ṣáà ti mọ̀ pé orúkọ ẹnikẹ́ni lè bọ́ síta. Ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ tó ní ilẹ̀ tó ń tẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ okòwò jókòó ti oníṣòwò kan ní ọjà àdúgbò rẹ̀, kó kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde lọ́jọ́ kan, kó sì sọ ibi tí èrè ti ń jò.

Ẹ gbà wọ́n láyè láti dáhùn ní Yorùbá náà, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìlú yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nígbà mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ là ń máàkì, tí a sì rò pé ìmọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹnì kan bi mí nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ láàárín tẹ́ẹ̀sì. Mo ní kí tẹ́ẹ̀sì wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó máa tọ́jú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mú un, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè padà síbi tó dé. Ó ní ṣé wọn ò ní máa sọ ìdáhùn fún ara wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Wọ́n á máa sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí máàkì rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kéré, tí ìpè orí fóònù sì fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.