Tí Iṣẹ́ Bá Ṣe Yín Léṣe: Ọjọ́ 14 Tí Kò Gbọdọ̀ Bọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, òkun o.

Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ yìí ní kọ́ọ̀rì. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka méjì lọ. Ọ̀gá sáré gbé e lọ ọsibítù, ó sanwó, ó ní, "Fọkàn balẹ̀, a máa yanjú ẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù. Owó ọsibítù yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú. Orúkọ yẹn pàápàá ń tanni jẹ, bí ẹni pé àánú ni wọ́n ń ṣe yín. Òfin Employees' Compensation Act ọdún 2010 ló ní kí wọ́n san án.

NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń san owó náà. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá a jọ: náírà 1 lórí náírà 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn. Wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó tiyín.

Ẹ má sọ pé, "Lébírà ni mí, mi ò ní lẹ́tà." Òfin ka ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, títí kan ọmọṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí. Ohun tó máa jẹ́rìí yín ni àléètì owó oṣù, orúkọ yín nínú ìwé ìwọléṣẹ́, àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní kí gírámà pọ̀: "Èmi, báyìí-báyìí. Ọjọ́ Tuesday, aago 10 àárọ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Bẹ́líìtì tí kò ní ìdérí fa ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gé ìka méjì." Ẹ kọ ọ́ ní méjì; kí sùpáfáísọ̀ fọwọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì kọ ọ́, nítorí tí ọ̀gá bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, NSITF lè gbọ́ ẹjọ́ yín.

Ní ọsibítù, ẹ sọ fún dókítà pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, kó kọ ọ́ sí fáìlì. Tó bá jẹ́ "ó ṣubú" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ó ṣàlàyé títí.

Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ má jókòó dè é. Ìbéèrè owó tiyín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọdún 1. Ẹ mú ìwé dókítà, rìsíìtì àti ẹ̀rí iye owó oṣù yín dání.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Bí ọ̀kadà bá gbé yín ṣubú láàárín Kàbà sí Ọbájánà, nígbà tí ẹ ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́ tàbí ẹ ń padà bọ̀, òfin kà á mọ́ ọn, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibi tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ tètè sọ fún wọn.

Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá ń gba ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Tó bá ń gba ₦80,000, ₦72,000 nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba ìdá 90 lóṣooṣù. Ọmọ kan, ìdá 85. Ẹni tí ìka rẹ̀ lọ kò ní gba tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí agbára iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dín kù ni wọ́n ń wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti yááfì ẹ̀tọ́ yín, ìwé yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Tí ìpinnu NSITF ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ lẹ́tà kí wọ́n tún un wò. Lẹ́yìn wọn, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló kàn.