Ta ló rán ímeèlì yìí? Bí a ṣe ń ka header

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Orúkọ tí ẹ ń rí lókè ímeèlì, ẹni tó rán an ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bó bá wù ú, ó lè kọ orúkọ báńkì yín tàbí ti ọ̀gá yín síbẹ̀. Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà nínú header, ìyẹn àwọn ìlà tí kì í hàn lójú, tó ń bá lẹ́tà rìn láti sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ímeèlì kiri) dé sáfà.

Nínú Gmail, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣí lẹ́tà náà. Ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó gun ara wọn lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reply, kí ẹ yan Show original. Áàpù Gmail orí fóònù kò ní in. View raw message ni Yahoo ń pè é. Ní Thunderbird, Ctrl àti U ti tó. Outlook àtijọ́ ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀: ẹ ṣí lẹ́tà náà sí ojú fèrèsé tirẹ̀, ẹ lọ sí File, kí ẹ tẹ Properties. Àpótí Internet headers tó wà níbẹ̀ kéré jù láti kà, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú Notepad.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìlà Received kan:

Received: from mail.example.com (host25.example.net. [203.0.113.25]) by mx.google.com; Tue, 4 Jun 2024 03:12:09 -0700

Orúkọ àkọ́kọ́, mail.example.com, ni sáfà tó gbé lẹ́tà wá fi pe ara rẹ̀. Ó lè parọ́. Nọ́ḿbà IP (àdírẹ́sì sáfà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), 203.0.113.25, ni sáfà Google rí fúnra rẹ̀. Òun ni ká gbà. Aago náà kò sì ṣàjèjì: agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 12 lóru níbi tí aago ti wà ní -0700 jẹ́ agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 12 òwúrọ̀ ní Nàìjíríà.

Sáfà kọ̀ọ̀kan ń fi ìlà Received tirẹ̀ lé orí èyí tó bá níbẹ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: oníjìbìtì lè ti kọ ayédèrú Received sí ìsàlẹ̀ kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìlà òkè, tí sáfà tiyín kọ, nìkan ló dájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni Authentication-Results, ìlà tí sáfà tiyín ń kọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sí. Wọ́n á rí spf=pass, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. SPF ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dòméènì (orúkọ tó tẹ̀lé @ nínú àdírẹ́sì) fọwọ́ sí nọ́ḿbà IP tó gbé lẹ́tà wá, ṣùgbọ́n dòméènì inú Return-Path (àdírẹ́sì tí lẹ́tà tí kò bá débi tó ń lọ ń padà sí) ló ń wò, kì í ṣe ti From tí ẹ ń rí. Gbájúẹ̀ tó ra dòméènì tirẹ̀, tó sì tò ó dáadáa, á gba pass. DKIM ní tirẹ̀ dà bí òǹtẹ̀. Ẹ wo dòméènì ẹni tó tẹ̀ ẹ́. DMARC ló ń bèèrè bóyá ọ̀kan nínú méjèèjì bá From mu. Lẹ́tà tó ní báńkì ló rán òun, tó wá gbé dmarc=fail, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Síbẹ̀, fail kì í fìgbà gbogbo jẹ́ jìbìtì: bí wọ́n bá darí lẹ́tà láti àpótí kan sí òmíràn, SPF sábà máa ń kùnà, nítorí nọ́ḿbà IP ti yàtọ̀.

Bó jẹ́ pass náà ńkọ́? Ẹ ka dòméènì náà ní álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, torí r àti n tó sún mọ́ra jọ m. Ẹ wo Reply-To: ṣé ibòmíràn ni èsì yín ń lọ? Bí àwọn oníjìbìtì bá sì ti gba àkáǹtì ímeèlì oníbàárà yín mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo header ló máa mọ́. Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá ní kí ẹ sanwó sí àkáǹtì tuntun, nọ́ḿbà fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sun báńkì, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí attachment. Tí ẹ bá kàn tẹ Forward, header àkọ́kọ́ kò ní bá a lọ, tiyín ni wọ́n á rí.