Fún Ẹni Tí Ilẹ̀ Mọ́ Bá Tí Kò Lè Dìde

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-8

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ jí, tí ẹ ti kọrin, tí ẹ ti gbálẹ̀, tí ẹ ti gbé omi kaná, ẹ máa gbádùn oore Ọlọ́run. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo torí ẹ kọ̀wé láàárọ̀ yìí. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ti la ojú sílẹ̀ láti aago mẹ́ta òru, kò sì tíì kúrò lórí ibùsùn. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ bí ará ilé ṣe ń fa omi nínú kànga, ó kàn kọjú sí ògiri ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fúyẹ́ díẹ̀. Òwúrọ̀ gan-an ló máa ń le jù.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ń bá a gbé. Ìsoríkọ́ ni. Mo ń lo oògùn, mo ń lọ rí dókítà, mo sì ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé inú ara kan ṣoṣo, wọn ò bá ara wọn jà.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí ni arábìnrin kan tó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Wọ́n bá a gbàdúrà níbì kan, wọ́n ní kó da oògùn rẹ̀ nù kí Ọlọ́run lè rí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó dà á nù. Kò pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ ọ, oorun kò wá mọ́, ẹkún tó ti gbàgbé tún padà dé. Ìbéèrè tó bi mí kò jẹ́ kí n sùn: "Mọ́mì, ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni?"

Ọmọ mi, jẹ́ ká jọ wo Èlíjà. Ẹni tó gbàdúrà tí iná bọ́ láti ọ̀run lórí òkè Kámẹ́lì ni o. Ẹni tó gbàdúrà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ, tó sáré níwájú Áhábù títí dé Jésírẹ́ẹ́lì. Gbogbo rẹ̀ wà ní orí kejìdínlógún. Ṣí ojú ìwé kan péré, bá a lábẹ́ igi kan nínú aginjù ní orí kọkàndínlógún, ó ń sọ pé, "Ó tó; nísinsin yìí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò." Ta ló fẹ́ sọ fún Èlíjà pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré?

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe kí ó tó dé abẹ́ igi yẹn. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣeba, òun nìkan ló wọ aginjù lọ. Iṣẹ́ àìsàn yìí nìyẹn. Á kọ́kọ́ gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ rẹ. Fóònù á máa dún, wàá máa wò ó títí á fi dákẹ́. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wàá mú èémí dúró kí wọ́n lè rò pé o ò sí nílé.

Áńgẹ́lì Olúwa wá dé. Kò bi Èlíjà léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Kò ní kó gbààwẹ̀. Kò ríran sí i pé ẹnì kan nínú ìdílé bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àkàrà tí a dín lórí ẹyín iná ló gbé sí i lẹ́bàá orí, pẹ̀lú orù omi. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó tún dùbúlẹ̀! Lẹ́yìn tí áńgẹ́lì se oúnjẹ fún un! Àwa ì bá ti ní aláìmoore ni. Áńgẹ́lì jẹ́ kó sùn, ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fọwọ́ kàn án: "Dìde, jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn jù fún ọ."

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Oúnjẹ, omi, oorun, àti ọwọ́ ẹni tó kan èèyàn láìbínú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìrìn ogójì ọ̀sán àti ogójì òru, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kẹ́lẹ́ kékeré tó sọ̀rọ̀ ní Hórébù. Nígbà tó tilẹ̀ dé Hórébù, ẹjọ́ kan náà ló tún ń rò, ẹ̀ẹ̀mejì ló rò ó. Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ kan. Ọlọ́run gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ó sì fún un ní Èlíṣà kó má baà dá wà mọ́.

Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ibà ni mo pè é. Orí mi ń gbóná, ó ń ṣe bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àyà mi ń já, kò sì sí ohun tó ń lé mi. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú taifọ́ọ̀dù, wọ́n tún ibà tọ́jú. Nígbà tí wọ́n mú mi dé Àró, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, dókítà kò béèrè àlá tí mo lá. Ó béèrè bóyá mo ń sùn, bóyá oúnjẹ ń lọ lẹ́nu mi, bóyá ohun tó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ mi, bóyá ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, ṣé ó ti ṣe yín rí bíi kí ẹ kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́."

Ó ṣàlàyé fún mi pé oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí n tó rí ìyàtọ̀, pé ẹnu mi lè máa gbẹ, pé tí ara mi bá tilẹ̀ yá, mi ò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra mi. Òun àti èmi la jọ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó sì fi mí lé ẹnì kan lọ́wọ́ tí màá máa bá sọ̀rọ̀, nítorí pé kì í ṣe oògùn nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ibi tí mo jókòó sí yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Láḿbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan kan sì ní láti tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ní tèmi o, iṣẹ́ áńgẹ́lì abẹ́ igi yẹn ni bàbá náà ń ṣe.

Ọba Hesekáyà tó ṣàìsàn dé ojú ikú ńkọ́? Ọlọ́run ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá kí wọ́n fi lé oówo rẹ̀. Ìlérí ò lé oògùn lọ. Mi ò sì tíì rí wòlíì kan tó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ nù.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ nípa Èlíjà, ohun tó ń mú mi dìde nìyí láwọn ọjọ́ tí kò bá rọrùn. Ọkùnrin tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun yìí, òun náà ni kò tọ́ ikú wò! Ìjì ló gbé e lọ sókè. Ká ní Ọlọ́run ti ṣe Àmín sí àdúrà abẹ́ igi, ta ni ì bá da agbádá bo Èlíṣà? A dúpẹ́ fún àdúrà tí Bàbá kọ̀.

Kí a tó gbàdúrà: ìwọ tí ọkàn rẹ ń sọ ikú fún láàárọ̀ yìí, má dúró parí èyí. Jí ẹni tó wà nítòsí rẹ, pe ẹni tó bá lè gbé fóònù, sọ ọ́ jáde lẹ́nu bó ṣe rí gan-an. Kí ó mú ọ dé ọsibítù lónìí, kí ó má sì fi ìwọ nìkan sílẹ̀. A ó máa gbàdúrà dè ọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Bí o ò bá lè kúnlẹ̀, dùbúlẹ̀ gbà á. Bí ẹnu rẹ ò bá là, èmi á sọ ọ́, kí o ṣe Àmín nínú.

Bàbá mi, mo jí. Ọpẹ́ tí mo mú wá kò pọ̀ láàárọ̀ yìí. Gba díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi.

Olúwa, ìwọ mọ ẹ̀dá wa, o rántí pé erùpẹ̀ ni wá. Fọwọ́ kàn mí. Bí mo bá jẹ díẹ̀ tí mo tún dùbúlẹ̀, má bínú sí mi. Padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀, padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Má jẹ́ kí ó sú ọ, Olúwa, bó tilẹ̀ ti sú àwọn èèyàn.

Àwọn ọmọ Kórà béèrè pé, "Èéṣe tí orí rẹ fi tẹ̀ ba, ìwọ ọkàn mi?" Èmi náà béèrè, mi ò mọ ìdí. Ìwọ olùgbé orí mi sókè, gbé orí mi sókè. Gbé e kúrò lórí ìrọ̀rí lónìí. Gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Gbé e dé ibi tí oòrùn wà.

Fún mi ní agbára láti wẹ̀. Fún mi ní agbára láti jẹ ìwọ̀nba ẹ̀kọ mímu yìí. Àwọn ẹlòmíràn ń tọrọ ilé àti ọkọ̀. Èmi ń tọrọ agbára láti wẹ̀, o sì mọ̀ pé ohun ńlá ni mo ń tọrọ.

Bùkún oògùn tí màá lò lálẹ́ òní. Jẹ́ kó ṣe ohun tí o torí ẹ̀ fi ọgbọ́n rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Má jẹ́ kí ayédèrú dé ọwọ́ mi. Má jẹ́ kí owó rẹ̀ ga ju apá mi lọ. Ọjà ti le, Bàbá, o rí i. Fún mi ní sùúrù ọ̀sẹ̀ tí mi ò tíì rí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ tí ara mi bá sì yá, fún mi ní ọgbọ́n láti máa lò ó títí dókítà á fi ní ó tó.

Rántí àwọn dókítà ọpọlọ wa àti àwọn nọ́ọ̀sì wa. Wọn ò pọ̀, wọ́n sì ń rékọjá òkun lójoojúmọ́. Àwọn tó dúró, dúró tì wọ́n. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, Olúwa, má jẹ́ kó sùn sínú ìwé.

Ẹni tó bá ti lágbára díẹ̀, kó gbé ohùn sókè báyìí!

Ìwọ ohùn tó ń sọ fún mi láàárọ̀ pé mi ò wúlò, irọ́ lo pa! O ní ara á tu àwọn ọmọ mi bí mi ò bá sí: irọ́ lo pa! O ní kò sẹ́ni tó ń wá mi: irọ́ lo pa lánàá, irọ́ lo ń pa lónìí, ní orúkọ Jésù dákẹ́! Èmi kì yóò kú bí kò ṣe yíyè, èmi ó sì máa ròyìn iṣẹ́ Olúwa! Ọmọ mi kì yóò bá òkú mi nínú yàrá! Ìyá mi kì yóò fi ojú rẹ̀ sin mí!

Ìtìjú tó ní kí n má kọjá ní géètì ọsibítù kí ará àdúgbò má baà rí mi, mo kọ̀ ọ́! Ahọ́n tó ń pè mí ní wèrè, Ọlọ́run dá ọ lẹ́kun! Ọwọ́ tó fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí ní orúkọ ìwòsàn, ọwọ́ tó fẹ́ nà mí ní pàṣán kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde, má dé ọ̀dọ̀ mi! Ẹni tó bá tún ní kí n da oògùn mi nù, Olúwa, di etí mi sí i, di ọkàn mi sí i, ti ilẹ̀kùn mi mọ́ ọn!

Bàbá, abiyamọ tó gbé ọmọ titun dání tí gbogbo ilé ń yọ̀, tí òun nìkan ń sunkún tí kò mọ ìdí, wá a kàn! Ọkùnrin tí wọ́n sọ fún pé akọ kì í sunkún, tó ń jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé rẹ̀ tí kò lè wọlé, wá a kàn! Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lọ sí kíláàsì mọ́, wá a kàn! Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London, tí ilẹ̀ ṣú bá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, tó ń sọ fún wọn nílé pé dáadáa lòun wà, wá a kàn, Olúwa, wá a kàn!

Ẹni tó ń tọ́jú wa náà ńkọ́? Ọkọ tó ti ń fọ aṣọ, ẹ̀gbọ́n tó ń ka oògùn sí wa lọ́wọ́, ìyá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Gbé oúnjẹ tiwọn náà ka iwájú wọn.

Àti ẹni tí kò tíì lọ sọ́dọ̀ dókítà rárá, tó ń ka èyí tó ń sọ pé bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: Olúwa, lónìí ni. Rán ẹnì kan sí i tí yóò bá a wọ ọkọ̀. Pèsè owó káàdì. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó máa kọ́kọ́ pàdé jẹ́ ọlọ́yàyà. Bí èrò bá pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, fún un ní sùúrù títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀, má sì jẹ́ kó yíjú padà ní géètì. Ní orúkọ Jésù Krísti Olúwa wa. Àmín.