Gòjé Láàárín Pákó

GBÉNGA: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní Àbújá, ní Kàdúná, ní Kánò, níbi gbogbo tí oúnjẹ òòjọ́ gbé wa dé ní Òkè Ọya. Èmi ni Gbénga, Àǹtí Rẹ̀mí ló jókòó tì mí. Àǹtí, wọ́n ní ẹ lọ gbọ́ orin ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

RẸ̀MÍ: Ní Kubwa, ní Àbújá níbí ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n gbá lẹ́búlẹ́bú igi sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n to pákó lé búlọ́ọ̀kù, òun la fi ṣe àga. A ò ju bí ogún lọ. Kò sí maíkì, kò sí jẹnẹrétọ̀. Bàbá Hausa kan ló ń ta gòjé, ọmọ rẹ̀ dojú igbá dé, ó ń fi ọwọ́ lù ú.

GBÉNGA: Gòjé yẹn náà ni ti onísákárà?

RẸ̀MÍ: Òun náà mà ni! Igbá tí wọ́n fi awọ alángbá ńlá bò, okùn irun ẹṣin kan ṣoṣo, ọrun onírun ẹṣin ni wọ́n sì fi ń fà á. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ńlá, Gbénga. Mo ti gbọ́ ọ rí ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n gbé maíkì tì í lẹ́nu, ó wá ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Inú ń bí mi títí a fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín pákó wọ̀nyẹn, mò ń gbọ́ bí irun ṣe ń ha irun kó tó di orin.

GBÉNGA: Ẹ̀rù gbọ̀ngàn ń bà mí bẹ́ẹ̀ náà.

RẸ̀MÍ: Dúró ná, mi ò tíì dé ibi tó dùn. Bàbá àgbà ará Abẹ́òkúta kan wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí gòjé ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ tábìlì káfíńtà, ó fi ìka méjì gbá ìlù sákárà sí i. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbá a. Onígòjé wo ojú rẹ̀, ó rẹ orin sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e! Bàbá wa dá orin Yusuf Olatunji kan, Bàbá Lẹ́gbàá, olórin sákárà tó kú ní 1978 yẹn. Onígòjé ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ń gbe orin bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìhín ni gòjé kúkú ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

GBÉNGA: Ká ní orí ìtàgé gíga ni, ta ni ì bá rí ìka Bàbá?

RẸ̀MÍ: O ṣeun! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

GBÉNGA: Tèmi ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì Nyanya. Bọ́ọ̀sì ò tíì kún, ọkùnrin kan gun ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ń ta kuntigi. Olókùn kan ni, agolo sàdíìnì tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò. Mo wá rántí Dan Maraya Jos, olórin Hausa tó máa ń ta kuntigi, tí wọ́n bí ní Bukuru ní 1946, tó sì kú ní 2015. Orin àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. “Karen mota” ni Hausa ń pè wọ́n, ajá mọ́tò. Nígbà tí àwọn mìíràn ń ki olówó, ó ki àwọn tí epo ọkọ̀ ń yí láṣọ. Ní gáréèjì ni mo tó mọ bí ìyẹn ti tóbi tó, torí kọ̀ńdọ́ wa dákẹ́ ariwo, ó dúró gbọ́ ọ.

RẸ̀MÍ: Ìbá wù mí kí n bá Barmani Choge, obìnrin olórin Hausa ará Funtua, láyé. Igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú omi làwọn obìnrin fi máa ń ṣe ìlù rẹ̀, nínú àgbàlá. Ó kú ní 2013. Kí ni ìtàgé fẹ́ ṣe fún irú ìlù omi bẹ́ẹ̀?

GBÉNGA: Àǹtí, ẹni tó bá fẹ́ lọ ńkọ́?

RẸ̀MÍ: Kó mú owó dání, owó tó ṣeé ná. Maroki, ìyẹn ẹni tó ń polongo fún olórin, á bèèrè orúkọ rẹ, á pariwo iye tó o fi sílẹ̀. Má jẹ́ kójú tì ẹ́, oúnjẹ wọn nìyẹn. Kó o sì pa iná fóònù, jọ̀ọ́. Ẹnì kan tan tiẹ̀ sójú bàbá onígòjé lọ́jọ́ náà, mo ní kó pa á.

GBÉNGA: Ṣé wọ́n á tún ṣe é?

RẸ̀MÍ: Mo bi káfíńtà. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ta pákó tá a jókòó lé, kí oníkálukú gbé àpótí tiẹ̀ wá.