Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Nínú Àwo

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òtútù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣífùtù alẹ́ dé tẹ́ ẹ ki íyápíìsì bọ etí. Àwọn kan nínú yín ti ń da ìbéèrè bò mí, pé ṣebí èmi ni mo máa ń bi àwọn ní àwo tí wọ́n ń gbọ́, pé èmi ńkọ́, kí lèmi ń gbọ́? Ó dáa, mo ti dé. Ẹ má kàn rò pé àwo tuntun ló máa pọ̀ ńbẹ̀ o, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń gbọ́ báyìí ti jáde kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ mọ̀ pé irun dídì ni mo fi ń jẹun ní Peckham, ní London níbí. Iṣẹ́ yẹn dẹ̀ bá àwo gbígbọ́ mu gan-an, torí tí oníbàárà bá ní nọ́tìlẹ́ẹ̀sì tín-ín-rín lòun fẹ́, tó tún ní kó gùn dé ìdí, wákàtí márùn-ún, mẹ́fà la máa lò ńbẹ̀, gbogbo ìka mi á ti kún fún jẹ́ẹ̀lì, n ò lè máa fọwọ́ kan fóònù pé kí orin yìí kọjá kí tọ̀hún wọlé. Ohun tí mo bá ti gbé sí i náà la máa gbọ́ títí á fi tán. Bí mo ṣe padà sídìí odindi àwo nìyẹn, látojú kìíní dé ojú kejì.

Èyí tí mò ń gbọ́ jù ni Oroki Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, 1971 ló jáde lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca. Àpàlà ni. Kò sí gìtá ńbẹ̀ rárá, agídìgbo ló ń rìn nísàlẹ̀, ìlù ń dá a lóhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ṣáká ṣáká, bàbá náà á wá máa rọra sọ̀rọ̀, kò kígbe, kò sáré, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ẹgbẹ́ kan l'Òṣogbo ló torí ẹ̀ sọ àwo náà lórúkọ yẹn.

Màámi kan wà, oníbàárà mi ni wọ́n, ọmọ Òṣogbo, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣùkú ni mò ń dì fún wọn lọ́jọ́ kan tí mo gbé àwo yẹn sí i. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi èyí hàn ẹ́?" Mo ní, "Orí fóònù ni mo ti rí i, Mọ́mì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn, ṣe ni màámi yọ orí kúrò lọ́wọ́ mi, kóòmù ṣì há sínú irun wọn o, wọ́n ń fi ìka kà á: ẹni yìí, mo mọ ilé ẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ti ìsàlẹ̀ yìí, àbúrò ìyàwó ẹ̀ la jọ lọ síléèwé, tọ̀hún, há, tọ̀hún ti jẹ gbèsè kú! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa ẹ̀rín. Kí n tó rí orí wọn gbà padà, orin ti tán.

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ náà, mi ò tún gbọ́ àwo mọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tá a wà ní kékeré ní Muṣin, tí dádì mi bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i lọ́jọ́ Sunday, ibi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ yìí gan-an la máa ń kùn sí. Alhaji ta ni yìí? Ọlọ́lá ibo? Kí ló kàn wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lùlù ká jó jàre! Báyìí ó wá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mò ń dúró dè. Torí àwọn èèyàn yẹn, kò síwèé tí wọ́n wà nínú ẹ̀, kò sí ìwé ìròyìn tó gbé wọn, ohun tí wọ́n ṣe ò ju pé wọ́n náwó fólórin, tàbí kí wọ́n bá a ṣọ̀rẹ́, ó wá pè wọ́n, ó pe bàbá wọn, ó pe ìyàwó, ó pe ìlú, ó pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà a tún ń gbọ́ ọ ní Peckham lórí irun ẹlòmíì. Ẹ̀yin kan á ní owó lolórin ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, owó ló ń wá! Ṣé kó máa fi àdúrà san owó àwọn onílù ni?

Jùjú náà ńkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey àti Sunny Adé nílé, ẹ mọ̀ pé ojú kan lè lọ bí ìṣẹ́jú 18 kó má dúró rárá, orin kan á wọnú èkejì, gángan ló máa ń mú wọn sọdá, àárín ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pe èèyàn. Lórí fóònù báyìí, wọ́n á kàn kọ "Medley" sí i. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ shuffle, tó ń da orin rú, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Juju Music ti Sunny Adé, èyí tó jáde ní 1982, máa ń ṣe mí bákan. Ẹ rántí pé Bob Marley kú ní 1981, Island Records tó ń gbé orin ẹ̀ jáde wá na ọwọ́ sí Sunny, ará Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bá wọn ṣètò àwo yẹn, wọ́n gé e sí orin méje, kálukú dá dúró láyè ara ẹ̀. Ó dùn o! Gìtá tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń tẹ́ kalẹ̀ lù, tó ń fi irin fà lórí okùn, irú èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún orin country, ìgbàkígbà tó bá ti wọlé ni mo máa ń dáwọ́ irun dúró. Synchro System tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1983 ni wọ́n fà kalẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy, nínú Aura ti 1984 Stevie Wonder bá wọn fọn hamóníkà. Ṣùgbọ́n téèyàn bá gbọ́ Juju Music tán, ó dà bí òwàm̀bẹ̀ tólórin ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn tó jókòó. N ò bá wọn wí ṣá, ta ni kó pè nínú àwọn ará New York? Island já a sílẹ̀ lẹ́yìn Aura, Sunny sì ní iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀ nílé, Sunny Alade Records, àwọn tibẹ̀ lèmi ń wá kiri báyìí.

Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, Asake ni tiwọn, Mr. Money With the Vibe, 2022. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bí mo ṣe ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ègbè yẹn dáadáa, ohùn rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, fújì ni, tẹ́ ẹ bá tún fà á sẹ́yìn, wéré ni, táwọn ọmọ àdúgbò fi ń jí èèyàn sí sààrì lóṣù Ràmàdáánì, kí Síkírù Àyìndé Barrister tó sọ ọ́ di fújì. London níbí náà ni Barrister kú sí, ní 2010. Èyí tí mo kàn bá Asake ní ni pé gbogbo àwo yẹn ò ju bí ìdajì wákàtí lọ, n ò tíì kúrò ní ìpàkọ́ oníbàárà, ó ti tán.

Ẹnì kan fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ni mò ń dárúkọ, nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún obìnrin. Ó mú mi níbẹ̀. Mo ní Danger ti àwọn ìbejì Lijadu, ti 1976, ìyẹn ò jìnnà sí mi rí, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ohùn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra débi tẹ́ ẹ ò ní mọ ta ló ń kọ. Ṣùgbọ́n wákà, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí wa, ni mo fẹ́ lọ jókòó tì báyìí. Bàtílì Àlàké, kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn, kí n wá gbé Sàláwà Àbẹ̀ní lé e. Àwo tí Sàláwà kọ́kọ́ ṣe, 1976 náà ni, ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa lóṣù kejì ọdún yẹn ló fi kọrin, kò dẹ̀ tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọdébìnrin, ikú olórí ìjọba ló fi bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti pe ẹnì kan nílé yín nínú àwo rí, bàbá yín, ìyá yín àgbà, ẹgbẹ́ àdúgbò yín, ẹ fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́. Ẹ sọ olórin tó jẹ́, ẹ sọ àwo wo, ẹ sọ bóyá ojú kìíní ni àbí ojú kejì. Tí wọ́n bá tún bú wọn níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó dàbọ̀ o.